Mo sọ ìbọn afẹ́fẹ́ mi di bullpup: owó tó gbà, àti ohun tí èjìká mi rí

₦137,000 ni mo ná lórí igi. Kì í ṣe ìbọn o, igi tí wọ́n fi ń di ìbọn mú ni. Ìyàwó mi kò tíì mọ iye yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà láàárín àwa tí à ń kàwé níbí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, oko mi wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Àgbàdo àti ẹ̀gúsí ni mò ń gbìn. Àwọn tó ń bá mi jẹ ẹ́ kò lóǹkà: àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń wú irúgbìn kó tó hù, òkété tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá. Kò sí èyí tó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ yin ṣakabùlà nínú wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìwé àṣẹ ìbọn afẹ́fẹ́. (Òfin ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.) Benjamin Marauder ni tèmi, ọta 5.5 mm, irú èyí tí wọ́n ń fi pọ́ọ̀ǹpù rọ afẹ́fẹ́ sí nínú. Ìbọn dáadáa ni, gígùn ẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo fi téépù wọ̀n ọ́n, 109 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà láti Tákíé dé oko, ẹ ó rí bó ṣe ń há mọ́ gbogbo ẹ̀ka igi tó bá yà sójú ọ̀nà. Fèrèsé ahéré mi kò sì fẹ̀ ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ. Kí n tó yí ẹnu ìbọn sápá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ti gbá ògiri, àparò ti gbọ́.

Bullpup ni mo rò pé yóò gbà mí lọ́wọ́ gígùn yẹn. Bó ṣe rí kò ṣòro láti lóye. Lára ìbọn tí a mọ̀, igi ìdí tó wà lẹ́yìn tírígà (ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn) kò ṣe nǹkan kan ju kó gbá èjìká mú. Bullpup wá ti ẹ̀rọ ìbọn sẹ́yìn wọnú igi yẹn, tírígà bọ́ síwájú ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò gé ọ̀pá ìbọn, síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ kúrú. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ọmọ ogun Ọ́stríà ti ń lo Steyr AUG tó jẹ́ irú ẹ̀. Faransé náà lo FAMAS tiwọn pẹ́ títí, kó tó di pé ní 2016 wọ́n yan HK416 ti Jámánì, tí kì í ṣe bullpup, láti fi rọ́pò ẹ̀. Ó yẹ kí n ti dúró síbi ọ̀rọ̀ Faransé yìí kí n ronú kí n tó fọwọ́ kan àpò. Àwọn ìbọn wọ̀nyẹn sì rèé, bullpup ni wọ́n bí wọn. Tèmi, ńṣe la sọ ọ́ dà á.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ọ̀yọ́ tí àwọn ọdẹ máa ń gbé ìdí ìbọn tó bá là lọ fún ló gbà láti ṣe é. Àwòrán inú fóònù mi ló ń wò. Igi àpá ló kọ́kọ́ fẹ́ lò, ó ní kì í là. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpá wúwo bí òjé. A wá fẹnu kò sórí ọmọ̀, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù. Igi àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ₦65,000. Irin tó so tírígà iwájú mọ́ ti inú ẹ̀rọ lẹ́yìn, mẹkáníìkì ọ̀kadà ló rọ ọ́, ₦14,000. Èyí àkọ́kọ́ tẹ̀, ó rọ òmíràn, mo tún san ₦14,000. Irin tó gbé awò (gíláàsì orí ìbọn tí a fi ń fojú sùn) sókè jẹ́ ₦16,000, ọta tí mo yìn dànù kí awò tó bá ẹnu ìbọn mu jẹ́ ₦12,000, owó ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ ₦16,000. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀.

Kí n sọ ibi tó ti dùn ná. Ó di 84 sẹ̀ǹtímítà. Lórí ọ̀kadà, àyà ni mò ń gbé e kọ́ bí ìyá tó gbọ́mọ síwájú. Nínú ahéré, mo lè yí i síbi tó bá wù mí. Bí mo bá sì wà lóòró, èjìká ló ń ru ìwúwo ẹ̀, ọwọ́ òsì mi tó máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Mo lè dúró de àparò títí yóò fi gbórí sókè. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ó fúyẹ́ o. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran: kìló 3.7 kí a tó yí i, 3.9 lẹ́yìn ẹ̀.

Tírígà ló bà mí nínú jẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀, ó dà bí ẹni já òwú aláǹtakùn. Lẹ́yìn tí a yí i, bí ẹni ń fa garawa láti inú kànga ni: o fà, ó ń bọ̀, o tún fà, ó ṣì ń bọ̀, o ò mọ ìgbà tí yóò já. Àparò kan dúró níwájú mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo fà á títí ìka mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹyẹ yìí wò mí, ó rìn lọ.

Awò tó ga yẹn náà ní tiẹ̀. Torí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gorí ẹ̀rọ, awò gbọ́dọ̀ ga kí ojú tó lè bá a, ó wá jìnnà sí ọ̀pá ìbọn. Ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ tí mo ṣe é sí, ó péye. Ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ọta ń lọ sísàlẹ̀. Orí òkété ni mo fojú sùn, abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ ti fọ́n. Kò tilẹ̀ sáré wọ ihò.

Bọ́ọ̀tì, irin tí a ń fà kí ọta tó wọlé, wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fa irùngbọ̀n mi tu lẹ́ẹ̀mejì. Bí oòrùn bá sì mú, irin tó kan ojú èèyàn gbóná bí ìkòkò. Oníṣọ̀nà awọ kan ní Ọ̀yọ́ fi awọ ewúrẹ́ àti òwú rán tìmùtìmù kékeré sí i, ₦4,000. Ìyẹn kò sí nínú ₦137,000 o. Bàbá Ọdẹ tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ó gbé e sójú lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀tì gún un lẹ́nu, ó dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀.

Bàbá yìí náà ló ti sọ fún mi kí gbogbo ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Ìwọ, apá ẹ kúrú. Ìdí ìbọn yẹn ló gùn jù ẹ́ lọ. Gé e." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, bullpup ni wọ́n ń lò báyìí." (Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó tẹ ìlú wa dó, ọfà ló ń ta ní tiẹ̀, kò rójú irú wàhálà yìí.) Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo gbé igi àtijọ́ lọ fún káfíńtà àdúgbò wa, ó gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kúrò ní ìdí ẹ̀, ó fi awọ bò ó: ₦7,000. Mo tú afẹ́fẹ́ inú ìbọn dànù tán, ẹ má gbàgbé ìyẹn láé, mo dá a padà sínú igi ẹ̀. Tírígà padà dà bí òwú aláǹtakùn. Ọwọ́ òsì mi kò gbọ̀n mọ́, torí pé kò nawọ́ jìnnà mọ́. Nínú ahéré ó ṣì ń gbá ògiri nígbà mìíràn, ọ̀kadà sì ń fún mi ní wàhálà díẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ pé inú ahéré nìkan ló ti ń yìnbọn, bullpup lè bá a lára mu. Àmọ́ kó ra èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kó má sì rò pé òun á máa pààrọ̀ igi méjèèjì bó ṣe wù ú: gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ni awò ń yẹ̀, ó kéré tán ogójì ọta ló ń bá a lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní oníbàárà kan fẹ́ irú ẹ̀, ṣé mo lè gbé igi náà wá kí òun fi ṣe àwòṣe. Mo ní kó wá gbé e fúnra ẹ̀. Owó ọkọ̀ Ọ̀yọ́ tí mo ti san tó.