Àga àti fìtílà Arne Jacobsen: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Arne Jacobsen (1902–1971), ayàwòrán ilé ọmọ Dẹ́nmáàkì, kì í ya àwòrán ilé kó wá fi inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Òtẹ́ẹ̀lì SAS Royal tí wọ́n ṣí ní Copenhagen lọ́dún 1960, àtàga, àti fìtílà, títí kan ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, òun ló ṣètò wọn. Wọ́n ṣì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn títí dòní, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà wọ́n. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ mọ èyí tó bá ilé yín mu kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ant tàbí Series 7

Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn àga méjèèjì yìí rí: pláìwúùdù kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ kó di ìjókòó àti ẹ̀yìn, lórí ẹsẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ lè tò wọ́n léra. Ant ló kọ́kọ́ dé, lọ́dún 1952, fún ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ Novo, iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, Jacobsen kò sì gbà kí wọ́n fi ìkẹrin kún un. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí dára nídìí tábìlì roboto, àmọ́ ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mú nǹkan nílẹ̀ lè ṣubú. Bí ọmọdé tàbí arúgbó bá wà nílé, ẹ má rà á.

Series 7 ti ọdún 1955 fẹ̀ lẹ́yìn jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé mẹ́rin. Ó ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọ́n ti tà. Fún ìdí tábìlì oúnjẹ, òun ni kí ẹ rà, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ dojú àga náà délẹ̀. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀, ibi tóóró tí ìjókòó ti ń gòkè di ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni agbára ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í ń já sí. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán níbẹ̀, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn rọ́bà kéékèèké tó wà láàárín irin àti igi lè ti gbó, ìyẹn ò le, ó ṣeé pààrọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá orúkọ Fritz Hansen, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é.

Ayédèrú pọ̀. Àga tí Christine Keeler, obìnrin Bìrìtéènì kan tó gbajúmọ̀ nígbà yẹn, jókòó sí nínú fọ́tò olókìkí tí Lewis Morley yà lọ́dún 1963, ayédèrú Series 7 ni: wọ́n dá ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojúlówó kò sì ní ihò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, láti ọdún 2016 ni òfin ibẹ̀ ti fagi lé àǹfààní tó jẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa ta irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ fàlàlà.

Egg tàbí Swan

Ọdún 1958 ni Jacobsen ṣe àwọn àga méjèèjì yìí, fún òtẹ́ẹ̀lì SAS Royal. Egg ga ju mítà kan lọ, ó ń bo orí àti èjìká, ó sì ń gba àyè púpọ̀ bó bá ń yí. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà ló ni ín. Swan kéré sí i, owó rẹ̀ náà sì kéré sí i. Bí pálọ̀ yín bá há, òun ni.

Fìtílà AJ

Orúkọ Arne Jacobsen ni AJ yìí dúró fún, iléeṣẹ́ Louis Poulsen ló sì ń ṣe é. Èyí tó ń dúró nílẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 130, ti orí tábìlì tó 56. Ihò roboto kan wà nídìí ti orí tábìlì: ibi tí wọ́n fẹ́ kí àwo eérú sìgá wà nìyẹn. Orí rẹ̀ ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn, kì í sì í ju iná síni lójú. Àmọ́ kò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo yàrá, ibi tẹ́ ẹ bá kọjú rẹ̀ sí nìkan ló ń mọ́lẹ̀. Ẹ gbé èyí tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìkàwé, kí ti orí tábìlì wà níbi iṣẹ́. Bí owó bá tó fún ẹyọ kan péré nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ, tí àga sì ti wà nílé, fìtílà orí tábìlì yìí ni màá ní kí ẹ rà: owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti Egg rárá, bí ẹ bá sì kó lọ sílé mìíràn, kò ní ṣòro láti gbé.