Red Headed Stranger tàbí Wanted! The Outlaws?

Àwọn olórin country, irú orin ìgbèríko Amẹ́ríkà kan, tí a mọ̀ sí outlaw kọ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ orin ní Nashville, ìlú tí ó jẹ́ ojúkò orin country, máa pàṣẹ bí orin wọn yóò ṣe dún. Àwo méjì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn.

Ní ọdún 1975, Willie Nelson gba Red Headed Stranger sílẹ̀ ní Garland, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó là á já: oníwàásù kan pa ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àlè ìyàwó náà, ó sì di alárìnkiri. Gìtá, dùùrù tí Bobbie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀, àti ìwọ̀nba ohun èlò mìíràn ni a ń gbọ́, débi pé àwọn ọ̀gá Columbia, ilé-iṣẹ́ tí ó gbé àwo náà jáde, rò pé iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Àkójọ ni Wanted! The Outlaws, tí ilé-iṣẹ́ RCA gbé jáde ní 1976. Púpọ̀ nínú orin rẹ̀ ni ó ti jáde tẹ́lẹ̀. Waylon Jennings, Nelson, Jessi Colter àti Tompall Glaser ni ó kọ ọ́, òun sì ni àwo country àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ platinum, èyí tí a ń fún àwo tí ó bá tà tó mílíọ̀nù kan ẹ̀dà. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ tọ́ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò; ṣùgbọ́n ti Nelson ni mo yàn, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kì í lè pa á kí ìtàn náà tó parí.