Lẹ́ńsì Canon 10-18mm: ohun tójú mi rí lórí Òkè Ìdànrè

Kẹ́ ẹ tó náwó yín, ẹ gbọ́ eléyìí ná: lẹ́ńsì yìí máa ń sọ òkè ńlá di òkìtì yanrìn. Òkè tẹ́ ẹ dúró níwájú ẹ̀ tẹ́rù ń bà yín, tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò ẹ máa bá a lọ́hùn-ún níbì kan tó kéré tíńtín. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó rà á.

Canon EF-S 10-18mm ni mò ń sọ, lẹ́ńsì tó máa ń kó ibi tó fẹ̀ gan-an sínú fọ́tò kan, èyí tó jáde ní 2014. Tòkunbọ̀ ni mo rà, Computer Village n'Íkẹjà, ₦185,000, kámẹ́rà 200D ni mò ń lò ó sí. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, ibi tó jẹ́ pé bíríìjì ló ga jù nínú nǹkan tí mò ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àtikékeré ni àpáta ti wà lọ́kàn mi, látara Zuma tó wà lẹ́yìn ₦100 tí Baba Awólọ́wọ̀ wà níwájú ẹ̀ yẹn. Bí mo ṣe rà á báyìí mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́ l'Ọ́jọ́ta, ó di Ìdànrè, mo gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, orúnkún mi ń gbọ̀n, mo ya fọ́tò bí igba, kò sí ìkankan tó ṣeé wò níbẹ̀. Ojú ọ̀run ní òkè, àpáta pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, òkè wá há sáàárín bí ìlà tínínrín.

Mo fi méjì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ya òde àríyá ní Múṣin, lórí WhatsApp, ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Kí lo dúró sọ́nà jíjìn ṣe? Nǹkan tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ ni lẹ́ńsì yẹn ń wá. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jàre!"

Mo bẹ̀rẹ̀. Kòtò kékeré kan wà lórí àpáta níbẹ̀, kò ju bàsíà ìfọṣọ lọ, omi òjò àná ṣì wà nínú ẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn débi pé díẹ̀ ló kù kí lẹ́ńsì mumi (ó lè fókọ́ọ̀sì dé 22cm), omi yẹn bá fẹ̀ bí ọ̀sà, òkè wá dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó tún dorí kodò sínú omi. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Látìgbà yẹn, f/11 (ìyẹn ni pé ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú lẹ́ńsì á kéré) ni mo máa ń fi sí, màá fókọ́ọ̀sì sí nǹkan bíi mítà kan, gbogbo ẹ̀ á mọ́ kedere látiwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìmọ́lẹ̀ o: àpáta tó dúdú tó bá kún inú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á tan ìmọ́lẹ̀ jù, ojú ọ̀run á funfun báláú, èmi máa ń fà á sí -1 kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù. Àwọn tó ń ya òkè yìnyín ní Iceland, òdìkejì ni tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń fi kún un kí yìnyín má bàa dà bí eérú.

Ó fúyẹ́ gan-an, 240g péré, ó sì ní IS (ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ba fọ́tò jẹ́), tó jẹ́ pé láàárọ̀ kùtù mo máa ń fọwọ́ lásán yà á láìsí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Ṣùgbọ́n ike ni ibi tó ti ń wọnú kámẹ́rà, kò sì sí ohun tó dáàbò bò ó lọ́wọ́ òjò. Fílítà polarizer (gíláàsì tó ń mú kí ojú ọ̀run dúdú sí i) tí mo rà sí i ò bá a mu, torí lẹ́ńsì yìí fẹ̀ jù, apá kan ojú ọ̀run á dúdú, apá kejì á ṣì. Ti ọyẹ́ kẹ́ ẹ má tiẹ̀ dán an wò, kò sí fílítà tó lè bá yín lé eruku yẹn, ẹ dúró dìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ẹni tó tà á fún mi sọ pé kò ní fungus, ìyẹn èbu tó máa ń hù nínú lẹ́ńsì. Irọ́ ni, ẹyọ kan wà létí gíláàsì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín wo inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Mo ti tẹ fọ́tò omi yẹn jáde ní Ṣómólú, 20 by 30, igun méjèèjì nísàlẹ̀ ò mú tó àárín, èmi nìkan ló sì ń rí i. Pálọ̀ màámi ló wà báyìí. Wọ́n ṣì ń bi mí pé odò wo nìyẹn.