Puráímà wo ló yẹ drywall tuntun? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà á

Drywall ni pátákó jípsọ́ọ̀mù (èròjà funfun bí ẹfun) tí wọ́n fi ń ṣe ògiri àti àjà inú ilé; puráímà sì ni ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kùn sí i kí ọ̀dà gangan tó kàn án. Ojú méjì ni drywall tuntun ní. Bébà ló bo jípsọ́ọ̀mù inú rẹ̀, joint compound, ìyẹn àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń dí ìsopọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà ń pè ní mud, ló sì wà lórí ìsopọ̀ àti orí ìṣó. Bí bébà ṣe ń mu ọ̀dà kọ́ ni mud ṣe ń mu ún. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé wọn láìsí puráímà, ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé ló máa rí gbogbo ìlà ìsopọ̀: ibì kan á máa dán, ibòmíràn á ṣú. Kíkùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í sábà bò ó.

Puráímà PVA ni owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù, òun náà ló sì tó fún ọ̀pọ̀ yàrá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó dí ojú bébà àti mud kí àwọn méjèèjì lè máa mu ọ̀dà bákan náà. Kò lè bo àbàwọ́n omi, kò sì di ọ̀dà àtijọ́ tó ń dán mú. Ẹ má rà á fún ilé ìwẹ̀, nítorí ọ̀rinrin kì í bá a rẹ́.

Ti akirílíìkì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ó ń di pákó, drywall àti ògiri tí wọ́n ti kùn tẹ́lẹ̀ mú. Bí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe, tí drywall tuntun pàdé ògiri àtijọ́, tàbí tó jẹ́ ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ni, èyí ni kí ẹ gbé.

Ẹ máa rí ìkẹta tí wọ́n ń pè ní surfacer tàbí high-build. Ó ki, gálọ́ọ̀nù rẹ̀ kì í lọ jìnnà, ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà ló sì dára jù fún un. Ohun tí owó yẹn ń rà ni ojú tó tẹ́jú: ó ń bo ojú ìhá sáńpépà, ó sì ń mú kí bébà àti mud rí bákan náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ògiri tó kọjú sí fèrèsé ńlá, ọ̀dà dúdú tàbí èyí tó ń dán, ibẹ̀ ló ti wúlò. Fún yàrá ọmọdé tí ẹ fẹ́ kun ọ̀dà aláìdán sí, ìnáwó lásán ni. Kò sì lè tún téèpù ìsopọ̀ tí wọn ò lẹ̀ dáadáa ṣe.

Puráímà shellac kì í ṣe fún gbogbo ògiri. Ike kékeré kan ni kí ẹ rà, fún àbàwọ́n omi àti ibi tí bébà ti ya tí inú rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ hàn síta. Bí puráímà olómi bá kan ibẹ̀, ńṣe ló máa wú. Spírítì ló wà nínú shellac: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí.

Ti olóròóró ńkọ́? Ó máa ń mú kí irun bébà dìde, ògiri á wá rí ṣákiṣàki. “Ọ̀dà pẹ̀lú puráímà nínú ike kan” sì dára lórí ògiri tí wọ́n ti kùn rí. Lórí drywall tuntun, puráímà olówó gọbọi ni kíkùn àkọ́kọ́ rẹ̀.

Mélòó ni kí ẹ rà?

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 14, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 8: ògiri jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 416. Ẹ yọ 21 fún ilẹ̀kùn àti 30 fún fèrèsé méjì, ó ku 365. Àjà jẹ́ 168, àpapọ̀ 533. Ara ike sábà máa ń sọ pé gálọ́ọ̀nù kan á kun 300 sí 400. 300 ni kí ẹ fi ṣírò, nítorí drywall tuntun ń mu ún gan-an. Gálọ́ọ̀nù 2 nìyẹn. Bí ọ̀dà yín bá jẹ́ pupa tàbí búlúù tó jinlẹ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà po puráímà náà di eérú.

Kí ẹ tó kùn ún, ẹ jẹ́ kí mud gbẹ fún wákàtí 24, kí ẹ fi sáńpépà 150 dán an. Ẹ lo ìbòmú. Ẹ wá fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún dáadáa nu ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò. Ìyẹ̀fun yìí ló ń fà á tí ọ̀dà fi ń tẹ̀lé téèpù akunlé kúrò lára ògiri nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Rólà tí irun rẹ̀ gùn tó 3/8 íǹṣì ló bá ògiri tó tẹ́jú mu. Tí puráímà bá gbẹ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri: àléébù tó pamọ́ á jáde. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi puráímà tọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń rẹ́ plaster sí ojú pátákó náà. Ẹ dúró kó kúrò ní pupa ṣíṣú di pupa rẹ́súrẹ́sú jákèjádò. Ìmọ́ṣọ̀n (ọ̀dà ògiri olómi) aláìdán tí kò ní vinyl, tí ẹ fi omi là, ni puráímà yín. Mist coat ni wọ́n ń pè é. Ìdá 3 omi sí ìdá 7 ọ̀dà jẹ́ ìwọ̀n tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín: PVA tí wọ́n ń tà fún àwọn kọ́lékọ́lé níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ni. Bí ẹ bá fi kun ògiri ṣáájú ọ̀dà, ọ̀dà náà lè máa bó bí awọ.