Ẹ ṣọ́ra fún ara gìtá “roasted” tí wọ́n ń tà kiri: ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, wọn ò yan án

Ẹ̀yin onígìtá Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn kan ń ta ara gìtá oníná lórí WhatsApp àti Instagram. Roasted ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ti yan igi ẹ̀, pé ọ̀rinrin Èkó kò lè rí i gbé ṣe, wọ́n sì ń gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì lórí ẹ̀. Iṣẹ́ títún gìtá ṣe ni mò ń ṣe. Àwọn tó rà á ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí ojú ibi tí wọ́n ti so pákó pọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí mo bá sì tú u, igi funfun ni mò ń bá lábẹ́ ọ̀dà.

Igi yíyan gidi wà o. Orílẹ̀-èdè Finland ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá láàárín ọdún 1990 sí 1999. Wọ́n á kó pákó sínú yàrá tí wọ́n dé pa, oru omi á kún inú ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lè mú kí igi gbiná má baà ráyè wọlé, wọ́n á wá mú ooru lọ sókè dé 190 tàbí 212 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú igi, èròjà kan wà tó ń jẹ́ hemicellulose, òun ló ń fa omi mọ́ra jù. Ooru yẹn ló ń tú u ká. Tó bá ti túká, omi tí igi náà lè gbà látinú afẹ́fẹ́ lè dín kù tó ìdajì, ara ẹ̀ á fúyẹ́, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti òkè dé inú lọ́hùn-ún. Iléeṣẹ́ Fender tó ń ṣe gìtá fi igi pine tí wọ́n yan báyìí ṣe ara àwọn kan lára gìtá American Professional II ní ọdún 2020. Iléeṣẹ́ Music Man náà ń yan igi maple fún ọrùn gìtá wọn.

Mo mọ ìdí tí gbogbo wa fi ń wá a. Igi gìtá tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà, omi inú ẹ̀ kì í sábà ju ìdá 6 sí 8 nínú 100 lọ. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó sábà máa ń kọjá ìdá 80 nínú 100, igi lásán tó bá pẹ́ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á mu omi títí tí yóò fi sún mọ́ ìdá 16. Ọyẹ́ á tún dé, á fà á gbẹ. Wíwú àti sísúnkì yìí ló ń la ọ̀dà, òun ló ń yọ ojú ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù so pákó pọ̀ síta, òun ló sì ń mú kí ibi tí ọrùn gìtá ti wọ ara kọ́kọ́ há, kó tó wá máa mì.

Èyí tí mo ń rí jù nínú ayédèrú yìí ni arère tàbí afárá tí wọ́n là nílé níbí, tí wọ́n fi ọ̀dà igi aláwọ̀ pípọ́n kùn. Ó dùn mí, torí afárá kì í ṣe igi yẹpẹrẹ. Òun ni iléeṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àkọ́kọ́ ní ọdún 1958. Korina ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ká ní wọ́n sọ pé afárá tó gbẹ dáadáa ni, tí wọ́n sì ta á ní iye tó tọ́ sí i, èmi gan-an á ní kẹ́ ẹ lọ rà á. Àwọn mìíràn ń fi iná gáàsì jó ojú igi, bí ẹja tí iná bó lára àmọ́ tí inú ẹ̀ ṣì tutù. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń ti pákó bọ inú ààrò búrẹ́dì. Kò sí oru omi níbẹ̀, wọn ò sì ní sùúrù: ẹ̀yìn igi á gbẹ kí inú ẹ̀ tó gbẹ, á wá là nínú níbi tí ojú ò tó. Irú èyí pọ́n wọnú díẹ̀, ó lè tan ẹni tó gbọ́n jẹ.

Torí náà, inú ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ní kó tú ọrùn gìtá kúrò níṣojú yín, tàbí kó ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ara nìkan ló ń tà, á tún rọrùn sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ibi tí ọrùn ń wọ̀: igi gidi á pọ́n bákan náà bó ti wù kẹ́ ẹ ha á tó, ayédèrú á funfun kíá. Àwọn kan ti mọ̀ pé a máa wo ibẹ̀, wọ́n ń kùn ún ní dúdú. Nígbà náà, ẹ ní kó fi irin kékeré lu ihò sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹbu tó ń jáde. Ẹ gbóòórùn ẹbu náà: igi yíyan máa ń rùn bí ṣúgà tó jóná pẹ̀lú èéfín díẹ̀. Tó bá jẹ́ òórùn tínà tàbí fánísì lẹ ń gbọ́, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ fi àkísà funfun tó ní tínà nu ibi tí wọn ò tíì fi fánísì bò. Bí àkísà bá pọ́n, ọ̀dà ni. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń rà á, fídíò ibi tí ọrùn ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè, lójú ọ̀sán, kó máa ha á bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó. Fọ́tò ò tó. Ẹni tó bá ní òun ò lè ṣe é, ẹ má bá a ná an mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹnu wọn. Irọ́ ni pé ìkán ò lè jẹ igi yíyan, ó ń jẹ ẹ́. Kò sì sí bó ṣe lè ṣèdíwọ́ fún ìpẹtà okùn àti irin ara gìtá. Yíyan tún máa ń mú kí igi rọrùn láti là, ẹ ò gbọdọ̀ de sikúrù mọ́ ọn láìkọ́kọ́ lu ihò. Ní tèmi o, bí owó bá mọ níba, ẹ ná an sórí ọrùn tí wọ́n yan dáadáa, kẹ́ ẹ fi ara sílẹ̀. Ọrùn tínínrín, okùn mẹ́fà sì ń fà á pẹ̀lú agbára tó tó kìlò 45. Ara nípọn, fánísì sì bò ó.

Ẹni tó bá ti rà á ńkọ́? Ẹ má tíì lu ihò tuntun sí i, ẹ má sì fi ẹ̀rọ kankan sínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni olùtajà máa dì mú pé ẹ ti lò ó. Ẹ ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ ti rí igi funfun. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, pàápàá ibi tó ti kọ ọ́ pé roasted ni, àti ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí i pé kó dá owó padà. Tó bá kọ̀, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn. Òfin ọdún 2018 tó dá wọn sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà.