Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú kámẹ́rà ojú gíláàsì ọkọ̀ mi

Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, ẹ má wò mí bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n oṣù 8 ni kámẹ́rà yìí ti wà lójú gíláàsì Corolla mi, ó ti bá mi jà, ó sì ti gbè mí níjà. Àwọn oníbàárà tó bá rí i máa ń bi mí bóyá kí àwọn náà lọ rà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi sinmi.

Ṣómólú ni mò ń gbé. Òwòrónṣòkí ni mo máa ń gbà gun Third Mainland, n óò sọ̀kalẹ̀ ní Adéníji, kí n tó wá bá Ìdúmọ̀tà wọ̀yá ìjà. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan fi jíìpù gbá mi nídìí ní Òjótà, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, ó ti ń pariwo pé èmi ni mo fi ẹ̀yìn rìn wá bá òun. Àwọn tó ń ta omi lójú títì, tí wọn ò rí nǹkan kan, ń bá a jẹ́rìí. "Màmá, ẹ fún un ní nǹkan kó máa lọ." Mo fún un ní ₦40,000. Ẹkún ni mo sun dé ọjà.

Ìyẹn ni ọmọ mi ọkùnrin fi mú mi lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ní Ọ̀tígbà. Ọmọ tó ń tà á pe ₦75,000. Ta ló ń pe ọjà fún ìyá ọlọ́jà? A ná an títí a fi dé ₦48,000, ó sì tún fi káàdì kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbàgbé káàdì ọ̀fẹ́ yẹn, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Tí mo bá ti ṣíná ọkọ̀, òun náà á tàn, á máa ya fídíò ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú 3 sínú káàdì. Bí káàdì bá kún, á pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́, á ya tuntun lé e. Nǹkan kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá fara gbá nǹkan: tó bá ti mọ̀ ọ́n lára báyìí, á ti fídíò ìṣẹ́jú yẹn pa, kò ní jẹ́ kó parẹ́ mọ́. Ọgbọ́n gidi ni. Àfi pé ẹni tó ṣe é kò tíì wa ọkọ̀ gba Bàríga rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké pì, pì, pì, kò sì yàwòrán mọ́. Ọmọ mi yọ káàdì, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà. Kòtò ló kún inú ẹ̀! Kòtò iwájú ilé epo, kòtò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òkè kékeré tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ sójú títì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ibi tí táyà mi ti já wọlẹ̀ gììrì, kámẹ́rà ti kà á sí jàǹbá, ó sì ti tì í pa, títí kò fi sáyè fún nǹkan mìíràn. Ará Èkó tó bá ra irú ẹ̀, kó kọ́kọ́ wọ inú sẹ́tìn, kó wá ibi tí wọ́n kọ G-sensor sí, ìyẹn nǹkan tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá fara gbá nǹkan, kó gbé e wálẹ̀ sí low. Kí ó tó kúrò níwájú ẹni tó tà á ni kó ṣe é o.

Káàdì ọ̀fẹ́ wá ńkọ́? 64GB ni wọ́n kọ sí i lára. Kò lò ju oṣù 2 lọ. Kò kúkú kú pátápátá, ó kàn ń fò ni. Ẹ óò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ò ní rí i nígbà tó ń bọ̀ nítòsí, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ máa tún rí. Ẹni tí mo lọ bá ṣàlàyé fún mi pé káàdì inú kámẹ́rà ọkọ̀ kì í sinmi, kíkọ àti píparẹ́ ni láti àárọ̀ dalẹ́, nínú ooru, káàdì tí à ń kì bọ fóònù kò sì lè rù ú. Mo ra èyí tí wọ́n kọ High Endurance sí lára, ₦19,000. Ó dùn mí dé ọkàn. Ṣùgbọ́n òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí danfo gbá mi.

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù. Mo ń sọ̀kalẹ̀ ní Adéníji. Danfo kan wà lápá òsì mi, kò tan tráfíkétọ̀, kọ́ńdọ́ kàn rọ̀ dirodiro lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀: "Wọlé! Wọlé!" Kí n tó mí, ìdí danfo ti gbá iná iwájú mi. Gbàà!

Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó ti káwọ́ lérí. "Màmá, ẹ ò rí mi ni? Ẹ ti ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́!" Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Mo mọ orin náà, wọ́n ti kọ ọ́ fún mi ní Òjótà. Mo ní, "Ọmọ mi, má pariwo, wá wo nǹkan."

Ojú kámẹ́rà náà kò ju íǹṣì 3 lọ, oòrùn sì ti ràn sí i, ojú ara wa nìkan là ń rí nínú ẹ̀. Mo bá tú ìborùn mi, mo fi bo orí mi àti kámẹ́rà pọ̀, mo ní kí wọ́n wọlé wá. Àwa mẹ́ta kórí sábẹ́ ìborùn kan, èmi, dírẹ́bà àti kọ́ńdọ́, bí ẹni tí ibà ń ṣe tó ń fa oru àgbo. Paraga ń rùn lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, n kò ní sọ ẹni tó jẹ́.

Wọ́n rí ọkọ̀ wọn. Wọ́n rí bó ṣe já wọlé, wọ́n rí iná mi tó fọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ dírẹ́bà lẹ́nu. Kọ́ńdọ́ ló tọ́ka sí ìsàlẹ̀ fídíò: "Ìyá, January 1, 2018 ló wà níbí. Fídíò àtijọ́ lẹ fẹ́ fi mú wa!"

Òótọ́ ló sọ. Bátìrì kékeré inú kámẹ́rà ti bàjẹ́, tí mo bá ti paná ọkọ̀, aago rẹ̀ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ yìí, n kò kà á sí. Ọ̀rọ̀ tún fẹ́ di ti Òjótà mọ́ mi lọ́wọ́. Àfi bí dírẹ́bà ṣe sún mọ́ fídíò dáadáa, tó wo ẹni tó rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà danfo, tó wọ jẹ́sì Chelsea tó ya léjìká ọ̀tún. Ó yíjú wo kọ́ńdọ́ rẹ̀. Jẹ́sì yẹn náà ló wọ̀. Ó pòṣé, ó yọ orí kúrò lábẹ́ ìborùn.

Ǹ bá dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Kámẹ́rà náà ń gbohùn sílẹ̀. Kọ́ńdọ́ tún un ṣí, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo èrò sì gbọ́ mi: "O ò ní wọlé! O ò ní wọlé, lójú ta ni?" Wọ́n gbọ́ bí ẹ́ńjìnì mi ṣe hó nígbà tí mo tẹná mọ́ ọn. Kọ́ńdọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà ò fẹ́ gbà!" Kámẹ́rà tí mo fowó ara mi rà ló ń tú mi fó lójú títì.

Ẹni tó ni danfo wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, mo ti fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tó dé. Ó san owó iná iwájú, tòkúnbọ̀ tí a lọ rà ní Ládípọ̀, ₦35,000. Èmi san owó panẹ́bítà àti ọ̀dà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà sọ fún mi pé orí mi ló yọ mí, torí tó bá dé kóòtù ni, jẹ́sì Chelsea kò ní tó. Ó ní abala 84 nínú òfin ẹ̀rí, Evidence Act ti 2011, fàyè gba ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí tì í pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Aago tó ń sọ pé 2018 la wà, lọ́yà ẹnì kejì á fi ṣeré bó ṣe wù ú. Ó ní kí n yọ káàdì náà pa mọ́ bó ṣe wà, kí n má gé fídíò, kí n má sì tún un lò. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì náà ń bẹ níbẹ̀. Láti January 2023 tí third party ọkọ̀ ara ẹni ti kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000, ó lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí a bá bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa sì ń ra ìwé yẹn bí ẹni ń ra ohun tí a máa fi han ọlọ́pàá lásán.

Oòrùn Balógun ló pa bátìrì kámẹ́rà náà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọkọ̀ mi ń yan níbẹ̀, bátìrì wú bí búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì yọ́, kámẹ́rà já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó béèrè èyí tó ń lo capacitor dípò bátìrì, ìyẹn máa ń fara da ooru jù. Lálẹ́, ẹ má retí púpọ̀: ẹ óò rí ọkọ̀, ẹ ò ní rí nọ́ńbà ẹ̀, pàápàá tí iná ẹni tó ń bọ̀ bá ń ṣán yín lójú. Ohùn ńkọ́? Ìyàwó àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ mi mọ́, á kọ́kọ́ wo kámẹ́rà, á wá dákẹ́. Àǹfààní ni mo kà á sí.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ohun tí wọ́n kọ sára páálí, pé ó ń ṣọ́ ọkọ̀ nígbà tí a bá gbé e síbi kan. Kò sóhun tó ń ṣọ́. Ihò tí à ń ki wáyà rẹ̀ bọ̀ níwájú, tí mo bá ti paná ọkọ̀, iná inú ẹ̀ náà kú nìyẹn. Ọlọ́mọlanke kan ti fi irin ya ilẹ̀kùn mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà ń sùn. Réwáyà ní àfi kí òun fa wáyà láti ibi fíùsì, kí òun sì fi ohun tó máa já iná kí bátìrì ọkọ̀ tó gbẹ sí i. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fi sí.

Ṣé n óò tún rà á? N óò rà á, ṣùgbọ́n olójú méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Torí ọkùnrin Òjótà yẹn ni mo ṣe lọ Ìkẹjà, ẹ̀yìn ló sì ti wá gbá mi. Ìgbà tí mo délé, tí mo tú páálí tán, ni mo tó rí i pé iwájú nìkan lèyí tí mo rà kọjú sí.