Kílípà Andis AGC lára Lhasa onírun kíki

Kílípà tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń gé irun orí ènìyàn kò dára fún Lhasa, ajá kékeré onírun gígùn. Irun Lhasa kì í dẹ́kun hù, ó sì tún ní irun rírọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ èyí tó gùn. Kílípà orí ènìyàn máa ń há sínú rẹ̀, á wá máa fà á tu dípò kó gé e. Ajá tó bá ti jẹ irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó fún yín mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ra Andis AGC, kílípà ajá tó ní eré méjì, fún Tanímọ̀la, Lhasa mi, nílé wa ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ Andis ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, ti wà láti ọdún 1922. Ní ìṣẹ́jú kan, abẹ rẹ̀ ń lọ ní ìgbà 3,400 lórí eré kékeré, 4,400 lórí eré ńlá. Eré ńlá ni mo ń lò fún ẹ̀yìn àti ìhà. Mo máa ń fi í sórí eré kékeré tó bá kan ojú àti ẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé abẹ rẹ̀ ṣeé yọ. Abẹ Oster A5, kílípà ilé iṣẹ́ mìíràn, náà bá a mu, nítorí náà ẹ lè ra èyí tí ẹ bá rí lọ́jà. Bí nọ́ńbà abẹ bá ṣe ga tó ni irun tó máa ṣẹ́kù ṣe máa kúrú tó. Nọ́ńbà 10 ń fi mìlímítà 1.5 sílẹ̀: ikùn, ìdí àti àárín ọmọ ìka ni tirẹ̀. 7F ń fi 3.2 sílẹ̀, 4F ń fi 9.5. 4F yìí ni mo yàn fún ara Tanímọ̀la. Atẹ́gùn ń wọlé, síbẹ̀ ẹwà Lhasa rẹ̀ kò lọ. Ẹ má fojú kéré lẹ́tà F yẹn o. Abẹ 7 tàbí 4 tí kò ní i, eyín rẹ̀ máa ń gùn kan kúrú kan, ó sì lè gbá awọ etí mú, tàbí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn.

Ẹ wo ara ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni; iná tiwa, 230 ni. Ẹ béèrè èyí tó bá iná wa mu, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fólítì iná kù. Kò ní bátìrì, torí náà ẹ ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà nítòsí.

Bí iṣẹ́ bá pẹ́, abẹ á gbóná, bí ti kílípà gbogbo. Mo máa ń fi kan inú ọrùn-ọwọ́ mi. Bó bá ti ń ta mí, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo kán epo sí eyín rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n òfò ni gbogbo owó yìí bí ẹ kò bá ní òòyà onírin. Kò sí kílípà tó ń la irun tó ti dì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ya irun náà dé awọ kí ẹ tó wẹ ajá, torí omi máa ń mú kí kókó irun le sí i. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, torí iyanrìn inú irun ló ń tètè mú kí abẹ kújú. Nídìí yíya irun yìí náà ni mo ti máa ń rí eégbọn tó sá sí àárín ọmọ ìka. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé kókó: awọ máa ń bá irun gòkè, ẹ ó gé ajá lára. Kókó tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Àwọn tó ní Caucasian, ajá ńlá onírun kíki, ń bi mí bóyá kí àwọn fi kílípà yìí fá tiwọn nítorí ooru. Rárá o! Irun òkè ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó awọ rẹ̀. Bí ẹ bá fá a, ó lè má hù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Irun abẹ́ tó ti kú ni kí ẹ fi òòyà àti búrọ́ọ̀ṣì kó kúrò, kí ẹ fi abẹ 10 tún àárín ọmọ ìka àti ìdí ṣe, kí ẹ sì wá ibòji àti omi tútù fún un.